Bọ́ọ̀lù Kejì Ní Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Àrówólò

Bí ẹ bá wọ ọjà Madina ní Accra lásìkò tí àwọn Òyìnbó ń gbá tẹ́níìsì orí koríko, ẹ má wulẹ̀ béèrè ṣọ́ọ̀bù Alhaji Mùkáílà Àrówólò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà tẹ́tí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń bá telifíṣọ̀n jà bí ẹni pé telifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ bú u, ibẹ̀ ni.

Àpò ni Alhaji ń tà: àpò ìrìn-àjò, àpò iléèwé, àpò tí obìnrin ń gbé kọ́ apá. Gbogbo Accra ló ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Alhaji wà lọ́mọdé ní James Town, ó máa ń lọ bá àwọn ọ̀gá ìjọba ṣa bọ́ọ̀lù ní pápá tẹ́níìsì wọn, eré náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Nígbà tó gbé Àsíátù níyàwó, ó fi kọ́ ọ. Ọdọọdún ni tọkọtaya náà ń jókòó síwájú telifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, ọkọ lórí àpótí, ìyàwó lórí àga onítìmùtìmù kan tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń ṣá, tí wọ́n á máa fi ohùn kan ṣoṣo bú adájọ́.

Àsíátù kú. Àga náà kò kúrò níbẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ sinmi, Afeefah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, á fa àpótí fún un, á sì rọra fi ara dí àga ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ ní òfin tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà síta.

Ọdún tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri Ghana, tí àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní dumsor, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Brandt, ará Jámánì tó gba ife ọdún tó ṣáájú, ń bá ọmọ Botswana kan gbá a, Naledi Mokoro, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Brandt ni ààyò Alhaji. Brandt náà ni ààyò Àsíátù títí ó fi kú. Gbogbo àpótí ló ti kún. Sàláwù, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Màmá Àgbékẹ́ tó ń ta abọ́ rọ́bà lódìkejì ọ̀nà náà ti wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ra àpò. Ó mú búlúù kan, ó yíjú sí telifíṣọ̀n, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Nígbà tí Mokoro ju bọ́ọ̀lù sókè kó tó gbá a, ọmọkùnrin náà di èémí mú, ó fi ọwọ́ kan bo ọrùn ara rẹ̀ títí bọ́ọ̀lù fi balẹ̀ lódìkejì. Afeefah rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń ṣe. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti ti àga aláwọ̀ ewé náà síwájú.

"Jókòó," ló wí.

Ọmọkùnrin náà jókòó láìwẹ̀yìn. Màmá Àgbékẹ́ rí i, ó sì gbé ojú kúrò.

Àmì kan ṣoṣo ló kù kí Mokoro borí nígbà tí iná lọ. Ariwo ta!

"Áà! Nísinsìnyí?" Sàláwù káwọ́ lérí. "Ta ló ń ṣe irú èyí sí ènìyàn? Ṣé wọ́n ń ṣọ́ wa ni?"

"Tan jẹnẹrétọ̀!" Alhaji kígbe. "Àbí ẹnu ni wàá fi tàn án?"

Nígbà tí àwòrán padà dé, Brandt ti ń bọ Mokoro lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Irọ́ ni!" Alhaji fò dìde. "Irọ́ gbuu! Ìwọ̀sí ni! Ta ni Mokoro? Ta ló mọ bàbá rẹ̀? Ẹni tó gba ife, ẹ wá gbé e fún ọmọ tí a kò mọ̀ rí kó máa lù ú bí ejò àìjẹ!"

"Alhaji, kò sí irọ́ níbẹ̀ o," ohùn kan dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ọmọ yẹn ti ń nà án bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Alhaji yíjú padà. Kì í ṣe ojú ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí. Àga ló rí.

"Dìde."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí o dìde lórí àga yẹn!"

Ọmọkùnrin náà dìde, ó gbá àpò búlúù rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Afeefah rọra dá àga náà padà sí àyè rẹ̀, kò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí Mokoro tún máa gbá a, ọmọkùnrin náà padà wá. Kò wọlé. Inú oòrùn ló dúró sí, ó na ọrùn. Afeefah gbé omi jáde fún un.

"Ìwọ lo fún mi ní àga," ló wí.

"Èmi ni."

"O ò sì sọ fún mi pé àga òkú ni. Lọ́jà ni mo ti gbọ́."

"Kì í ṣe àga òkú!" Inú bí Afeefah. "Àga ìyá mi ni."

Ó wolẹ̀. "Má bínú. Bàbá tèmi kò fi àga sílẹ̀. Orúkọ Khàlíl ló fi sílẹ̀ fún mi, àti Yorùbá tí kò kún ẹnu."

Bẹ́ẹ̀ ni Afeefah ṣe mọ̀ pé ará Ìnísà ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò Mùsùlùmí tó kú nígbà tí Khàlíl ṣì ń rákòrò. Pé ọmọ Akan ni Afua, ìyá rẹ̀. Pé arákùnrin ìyá rẹ̀, tí àwọn Akan ń pè ní wọ̀fà ẹni, Wọ̀fà Bediako, ló tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò Lapaz, níbi tí Khàlíl ti ń ṣe fèrèsé onígíláàsì báyìí.

Mokoro fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. Khàlíl kò dẹ́kun wíwá.

Kí ni wọ́n ń sọ? Ìjà ni wọ́n ń jà. Nínú bọ́ọ̀sì trotro láti Madina, létí òkun James Town níbi tí èéfín ẹja ti ń ta wọ́n lójú, Afeefah á ní Brandt yóò gba ife rẹ̀ padà, Khàlíl á ní ọjọ́ ti lọ lórí Brandt.

"O ò lójú àánú," Afeefah á wí.

"Àánú ẹni tó ti gba ife? Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí kò gbà rí ni kí o ṣàánú."

Ní ọjọ́ kan, lábẹ́ ilé gogoro tó ń tanná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, Khàlíl kò jà. Ó ní, "Afeefah, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya." Yorùbá rẹ̀ kò kún ẹnu, ṣùgbọ́n ìyẹn kún.

Ó dùn mọ́ Afeefah, ó sì bà á lẹ́rù. Ṣé Khàlíl ni mo fẹ́, ó ń bi ara rẹ̀, àbí èémí tó ń dì mú bíi ti ìyá mi? Ó ń ru ìbéèrè yìí kiri títí di ọ̀sán kan tí wọ́n jọ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja. Wọn kò sọ̀rọ̀ tẹ́níìsì rárá. Khàlíl kàn ń yọ egungun kúrò lára ẹja, ó ń ti ẹran rẹ̀ sí apá ibi tí ọwọ́ Afeefah wà, láìsọ nǹkan kan, láìwo ojú rẹ̀. Afeefah mọ̀ nígbà náà pé Khàlíl ni.

Ó tọ Màmá Àgbékẹ́ lọ, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, pé kó ṣe alárenà àwọn.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àga," Màmá Àgbékẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi bímọ ní Kumasi, mò ń lọ bá a wẹ ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan ilé Alhaji kí n tó dé. Èmi ni mo mọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni. Kì í ṣe ẹ̀yìn ìròyìn."

Khàlíl gbọ́. Wọ̀fà Bediako kò gbọ́.

"Ṣé obìnrin ni yóò bá mi kan ilẹ̀kùn fún ọmọ tí mo fọwọ́ mi tọ́?" ló béèrè. Lọ́dọ̀ tiwọn, àgbà ọkùnrin ìdílé ló ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé ọmọbìnrin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Khàlíl bẹ̀ ẹ́ kó dúró, kò gbà. Khàlíl wá bẹ̀ ẹ́ pé Mùsùlùmí ni Alhaji o, ọtí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Wọ̀fà ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé ilé, Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí bọ̀.

"Agoo!"

Wọ̀fà Bediako wọlé, aṣọ ìbora ńlá lórí èjìká rẹ̀, Khàlíl lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀. Twi ni Wọ̀fà sọ, Alhaji sì gbọ́ Twi bíi Yorùbá. Ó ní òun ń kọjá lọ ni òun rí òdòdó kan lágbàlá, òun sì yà láti béèrè ẹni tó ni ín. Afeefah tó sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà rí i pé bàbá òun fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń dùn bọ̀. Wọ̀fà wá gbé àpò sórí tábìlì, àpò búlúù. Alhaji dá a mọ̀, ó tún tújú ká sí i: ọjà òun ni. Wọ̀fà fa síìpù rẹ̀. Ó gbé ìgò ṣínáàpù méjì jáde, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀súbáà Alhaji.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí a fi ń kan ilẹ̀kùn."

"Ọtí!" Alhaji já tẹ̀súbáà rẹ̀ gbà kúrò lórí tábìlì. "Ọtí, lọ́jọ́ Jímọ̀! Nínú ilé mi! Nínú àpò tí èmi fúnra mi tà! Ṣé ẹ wá fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ̀sín kẹ̀?" Wọ̀fà náà gbaná jẹ. "Ẹni tó bá fi ọwọ́ òfìfo kan ilẹ̀kùn ní ìlú mi, olè là ń pè é! Ojúlówó ni mo rà, o wá ń yínmú sí mi! Ẹ̀yin Anago, ẹ̀yin Yorùbá, láti ìgbà tí ẹ ti ń jẹun ilẹ̀ yìí, ẹ ò tíì mọ àṣà rẹ̀!"

"Gbé ìgò rẹ! Gbé ọmọ rẹ! Ó di gbére!"

Khàlíl kó ìgò méjèèjì padà sínú àpò, ó tẹ̀ lé wọ̀fà rẹ̀ jáde.

Afeefah kò lè dúró. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lapaz, ó bá Khàlíl níbi tó ti ń gé gíláàsì.

"O ò wo inú àpò?"

"Mo sọ fún un, Afeefah. Ó ní òun ti gbọ́."

"Mo ní, o ò wo inú àpò?"

"Wọ̀fà ló gbé e! Ẹni tó tọ́ mi. Ṣé kí n máa tú àpò àgbà wò níṣojú rẹ̀, bí ẹni ń yẹ ẹrù olè wò?"

Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì bí Afeefah nínú jù. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó wọn sí wàhálà. Ká ní ọmọ burúkú ni Khàlíl, ì bá ti tú àpò náà wò, ìgò yẹn ì bá sì ti kù sílé.

"Kí o má wá mọ́," ló wí, ó sì kúrò níbẹ̀ kó tó sunkún.

Ọjà gbọ́. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ń pè é ní Ìyàwó Ṣínáàpù, àwọn tí wọ́n jẹun ikú ìyá rẹ̀! Màmá Àgbékẹ́ ti Kumasi dé, ó bínú sí Wọ̀fà, ó bínú sí Khàlíl, ó bínú sí Afeefah tó lé ọmọ ọlọ́mọ. Ó lọ bá Alhaji lẹ́yìn oúnjẹ, ó tún lọ bá a lẹ́yìn ìrun. Alhaji ní kí orúkọ náà má tún wọ etí òun. Ìdílé Suhaib, ọmọ ìlú wọn tó ń ta aṣọ, ti ń tọrọ Afeefah. Kò sí ohun tó burú lára Suhaib. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń gbá tẹ́níìsì, ó sì sùn lọ.

Àkókò koríko tún yí po. Brandt farapa, kò wá. Mokoro wá. Ó na ẹni àkọ́kọ́, ó na ẹni tó tẹ̀ lé e, síbẹ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí telifíṣọ̀n ṣì ń wí pé èèṣì ni bó ṣe na Brandt lọ́dún tó kọjá.

Alhaji gbọ́ èyí, ó dá ọwọ́ dúró lórí oúnjẹ.

"Èèṣì? Ṣé Brandt wá jẹ́ ẹni tí èèṣì ń nà? Ẹ má tàbùkù Brandt níwájú mi o! Ẹni tó na Brandt, akọni ni!"

Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà tàbùkù Brandt, Alhaji di alátìlẹ́yìn Mokoro. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní ọmọ mi.

Ó dun Afeefah dé egungun. Ọmọ tí bàbá òun béèrè pé ta ló mọ bàbá rẹ̀, òun ló wá ń pè lọ́mọ báyìí. Khàlíl, tí ìlú bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. Kì í ṣòro, Afeefah rò ó tìbínú-tìbínú, láti fẹ́ràn ẹni tí kò lè wá kan ilẹ̀kùn ẹni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ àwọn méjì tí yóò gbá àṣekágbá ni ọjọ́ tí ìdílé Suhaib ní àwọn ń bọ̀ wá gba èsì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Alhaji ti mú èsì wọn sẹ́nu, pé òun gbà. Afeefah mọ̀ ọ́n. Ó dúró lẹ́yìn àwọn àpò tó so rọ̀, ó ń wo eré náà bí ẹni ń wo ilé tó ń jó.

Ọ̀ràn Mokoro ti bàjẹ́. Àmì kan péré ló kù kí alátakò rẹ̀ borí, Mokoro ló sì máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé; bí ẹni tó ń gbá a wọlé bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, òfin fún un ní bọ́ọ̀lù kejì. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí ìta ìlà.

"Ó tán," Sàláwù wí, ó nawọ́ mú fìlà.

"Kí ló tán?" Alhaji jágbe mọ́ ọn. "Bọ́ọ̀lù kejì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀! Sàláwù, gbogbo bí o ti ń wo eré yìí, o ò tíì gbọ́n? Àṣìṣe àkọ́kọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni!"

Iná lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó pariwo. Ṣọ́ọ̀bù ṣú, àfi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Sàláwù sáré jáde sídìí jẹnẹrétọ̀; wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń fa okùn rẹ̀, tó ń ṣépè fún un.

"Alhaji," Màmá Àgbékẹ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ tán yẹn, ẹ tún un sọ."

"Èwo?"

"Ti àṣìṣe àkọ́kọ́."

Alhaji kì í ṣe òmùgọ̀. "Àgbékẹ́, mo rí ibi tí ò ń lọ. Ọmọ yẹn ti gbá méjèèjì! Ó jókòó sórí àga Àsíátù, àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó gbé ọtí wọlé mi, èkejì nìyẹn. Ó ti parí!"

"Ta ló ti àga sí i? Ojú mi báyìí ló ṣe. Ọmọ yín ni! Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ka àṣìṣe ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá a lọ́rùn? Ẹ̀yin tí ẹ ṣa bọ́ọ̀lù rí, ẹ dá mi lóhùn!"

Alhaji wá ojú ọmọ rẹ̀ kàn láàrín àwọn àpò. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàbá." Ó yọ láàrín àwọn àpò. "Ó ń di èémí mú bíi ti Màámi."

Níta, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì bú jáde. Àwòrán padà. Eré ti parí; wọ́n ń tún un fi hàn. Mokoro ju bọ́ọ̀lù kejì sókè, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù lu orí nẹ́ẹ̀tì, ó fò díẹ̀, ó sì ṣubú sọ́dọ̀ Mokoro fúnra rẹ̀.

"Inú nẹ́ẹ̀tì," Alhaji wí. Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹ wo ìwọ̀sí. Inú nẹ́ẹ̀tì!"

Ìbínú gbogbo ọdún náà dé ẹnu Afeefah, ṣùgbọ́n nígbà tó máa jáde, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Inú nẹ́ẹ̀tì ló gbá a sí, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó gbá a."

Sàláwù tó ń bọ̀ láti ìta dúró sẹ́nu ọ̀nà. Alhaji wo àga aláwọ̀ ewé náà pẹ́, bí ẹni ń dúró kí ẹnìkan dá sí ọ̀rọ̀.

"Àgbékẹ́," ló wí níkẹyìn, "lọ bá ìdílé Suhaib kí oòrùn tó wọ̀. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n má ṣe wàhálà wíwá." Ó yíjú padà sí telifíṣọ̀n kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. "Kí o sì sọ fún baba oníbora ní Lapaz yẹn pé kó wá lọ́jọ́ àṣekágbá. Bó bá wù ú kó gbé omi wá! Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá tú àpò náà wò. Èmi ò ní í tijú àgbà kankan."

Wọ́n dé lọ́jọ́ àṣekágbá, eré ti ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. "Agoo!" Ojú Wọ̀fà Bediako ṣì le, òun náà kò tíì gbàgbé ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó gbé àpò búlúù náà sílẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ títí dé òpin, ó sì dojú rẹ̀ dé. Obì bọ́ sílẹ̀, dàbínù bọ́ sílẹ̀, ìgò mínírà ń yí lọ sábẹ́ àpótí. Síbẹ̀ Alhaji ti ọwọ́ bọ gbogbo kọ̀rọ̀ àpò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan. Ó mi orí.

Khàlíl dúró sínú oòrùn ẹnu ọ̀nà, níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí.

"Wọlé," Alhaji wí.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò sì mọ ibi tí yóò fi ara sí. Ó dúró gbọnrangandan láàrín ṣọ́ọ̀bù. Alhaji tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ orí sí òsì. Lórí telifíṣọ̀n, ẹnìkan ti ju bọ́ọ̀lù sókè.

"Jókòó!" Alhaji jágbe, ó sì ti àga aláwọ̀ ewé náà sí i. "Àbí o ò rí i pé ò ń dí mi lójú ni?"